Mayo ni ìyá àgbà bàbá ọkọ mi ti wá: báwo la ṣe lè rí abúlé rẹ̀ ní Ireland?

Ìyàwó_Cleveland

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio ni mo ń gbé. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Irish ni ìdílé ọkọ mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ gan-an. Bàbá ọkọ mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà kò ju pé Mayo, káùńtì kan ní ìwọ̀ oòrùn Ireland, ni ìyá tó bí ìyá wọn ti wá, Bridget ni orúkọ rẹ̀, kò sì tíì lọ́kọ nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú omi. A mọ orúkọ ìdílé rẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ orúkọ náà kún Mayo fọ́fọ́, n kò sì fẹ́ kọ ọ́ sí gbangba. Àárín 1880 sí 1890 la rò pé ó dé.

Àwọn ọmọ mi mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà ni àwọn. Wọ́n mọ agbo ilé wa ní Iléṣà, wọ́n sì lè ka díẹ̀ nínú oríkì wa. Bàbá ọkọ mi gbọ́ bí mo ṣe ń ki àbíkẹ́yìn mi, wọ́n ní ó wu àwọn náà kí àwọn mọ ilé àwọn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára púpọ̀. Mo fẹ́ bá wọn wá a nígbà tí etí wọn ṣì lè gbọ́ ọ. Mo tẹ orúkọ ìyá náà sí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn Bridget tó jáde kò lóǹkà. Níbo ni kí n gbà?

Àkànní_Dublin

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ẹ fi Ireland sílẹ̀ ná. Cleveland tí ẹ wà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tú.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Káùńtì 32 ló wà ní erékùṣù yìí, ilẹ̀ inú wọn sì pín sí abúlé kéékèèké tí wọ́n ń pè ní townland. Àwọn townland yìí lé ní 60,000. Òmíràn nínú wọn kò ní ju ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, síbẹ̀ òun ni ọmọ ibẹ̀ ń pè ní ilé. Townland wà lábẹ́ párìṣì, párìṣì wà lábẹ́ àgbègbè tí wọ́n ti ń forúkọ ọmọ sílẹ̀, àgbègbè náà ló sì sábà wà lábẹ́ káùńtì. Ibùgbé ni ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì fi to ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́. Ẹni tó bá mú "Bridget láti Mayo" wá sí Dublin dà bí ẹni tó dé Ìbàdàn tó ní Múlíkátù lòun ń wá, tí kò mọ orúkọ agbo ilé.

Nítorí náà, ohun tí ẹ ń wá ní Cleveland ni orúkọ párìṣì tàbí ti townland, àti orúkọ bàbá àti ìyá tó bí Bridget. Ẹ má sì wá òun nìkan. Ẹ wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀, ẹ wá àwọn tó ṣe ẹlẹ́rìí níbi ìgbéyàwó rẹ̀ àti ẹni tó gbà á sílé lọ́jọ́ tó dé. Ẹnì kan ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Tó bá ríṣẹ́, á fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò, àbúrò á ránṣẹ́ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, títí ìdajì abúlé á fi bára wọn ní àdúgbò kan náà lókè òkun. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ará erékùṣù Achill ní Mayo ṣe kó lọ sí Cleveland yín níbẹ̀. Ó lè má jẹ́ Achill ni tiyín, ṣùgbọ́n ẹ fi í sọ́kàn.

Mọ́remí_Boston

Bọ̀dá Àkànní ti sọ òkodoro ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ka àwọn ìwé tó wà ní Amẹ́ríkà fún yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ikú, kí ẹ máa bọ̀ sẹ́yìn. Ní Ohio, oṣù Kejìlá 1908 ni ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé ẹ̀rí ikú. Ṣáájú rẹ̀, láti 1867, ilé ẹjọ́ probate (tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún) ti káùńtì kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé ti 1908 síwájú ní àyè fún orúkọ bàbá olóògbé àti orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ kó tó lọ sílé ọkọ. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé náà, kí ẹ mọ ẹni tó dáhùn ìbéèrè akọ̀wé. Bó bá jẹ́ àna tàbí ọmọ ọmọ, ó lè máa méfò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ṣègbéyàwó. Ìwé ìgbéyàwó ti ìjọba kì í sábà sọ ju "Ireland" lọ, ṣùgbọ́n fadá lè kọ orúkọ párìṣì tí ọkọ àti ìyàwó ti wá. Itẹ́ òkú àwọn Kátólíìkì náà ní ìwé tiwọn, òkúta orí sàréè sì lè sọ ohun tí ìwé kò sọ: àwọn Irish fẹ́ràn láti fín párìṣì wọn sí i lára. Ẹ ka ìkéde òkú nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, ti Bridget àti ti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú. Ibi òkúta ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí abúlé náà.

Ẹ má gbé ara lé ìwé ọmọ onílùú, ìyẹn ìwé tí àjèjì fi ń di ọmọ Amẹ́ríkà. Ṣáájú 1906, ohun tó sábà wà nínú rẹ̀ ni pé onítọ̀hún kò sí lábẹ́ Ọbabìnrin Victoria ti Gẹ̀ẹ́sì mọ́, kò sí orúkọ ìlú. Tìyàwó tilẹ̀ wà lábẹ́ tọkọ nígbà náà, nítorí náà obìnrin ilé ọkọ kì í sábà ní tirẹ̀. Ìwé orúkọ èrò ọkọ̀ ojú omi wà láti 1820, àmọ́ àwọn ti àtijọ́ kò sọ ju orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti orílẹ̀-èdè lọ. Ọdún 1893 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí èrò ń lọ, 1907 ni wọ́n fi orúkọ ẹbí tó kù nílé kún un. Bridget yín ti dé kó tó di ìgbà náà. Ṣùgbọ́n bí àbúrò rẹ̀ kan bá tẹ̀ lé e ní 1909, orúkọ ìyá wọn àti ibi tí ìyá ń gbé lè wà níwájú orúkọ àbúrò yẹn.

Ní Boston tiwa níbí, ìwé ìròyìn Kátólíìkì kan tó ń jẹ́ The Pilot gbé ìkéde àwọn tó ń wá ẹbí wọn tó sọnù jáde láti 1831 títí di 1921. Ìyá á kọ̀wé pé ọmọ òun kúrò ní párìṣì báyìí ní ọdún báyìí, kí ẹni tó bá rí i ránṣẹ́. Tí ẹ bá ka díẹ̀ nínú rẹ̀, omi á bọ́ lójú yín. Boston College ti kó wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò gba owó. Ní New York, báńkì Emigrant Savings tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1850 máa ń béèrè ìlú, òbí àti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ́wọ́ ẹni tó wá fowó pamọ́, kí ẹlòmíràn má baà wá fi orúkọ rẹ̀ gbowó. Ìwé wọn yẹn ti ṣe ọ̀pọ̀ ìdílé lóore.

Mo fi ìtàn Annie Moore tì í lẹ́yìn, torí ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó wọ Amẹ́ríkà gba Ellis Island, ibùdó tí àwọn àlejò ti ń wọlé ní New York, ní 1 oṣù Kìn-ín-ní 1892, ọmọ Cork ní Ireland, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo ayé gbà pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Annie Moore tó kú sí Texas ni. Ní 2006, ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, Megan Smolenyak, fi hàn pé Illinois ni wọ́n ti bí ti Texas yẹn. Annie Moore tòótọ́ kò kúrò ní New York rárá. Ó lọ́kọ, ó bímọ, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1924. Ìdílé tó ń fi tọkàntọkàn yangàn wà níbẹ̀, orúkọ bára mu, àmọ́ ènìyàn ọ̀tọ̀ ni. Tí ẹ bá rí Bridget kan tó bá ọjọ́ orí mu, ẹ má tíì sọ fún bàbá. Ẹ kọ́kọ́ fi hàn pé òun kọ́ lẹni tó kú sí Mayo láìlọ ibì kankan.

Bàbá_Akọ́wé

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú ìwé àtijọ́ ni mo ṣe fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn. Àwọn fadá SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nárì Kátólíìkì, láti Cork ló kọ́ mi ní ilé ìwé, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn kò fi jìnnà sí mi.

Ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ pé ìwé Ireland ti jóná tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 30 oṣù Kẹfà 1922, nígbà ogun abẹ́lé, iná àti ìbúgbàù run ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà ní Four Courts ní Dublin. Ìwé ìkànìyàn 1821, 1831, 1841 àti 1851 bá a lọ, àfi àjákù. Ọ̀pọ̀ ìwé ìsàmì ti Church of Ireland, ìjọ Anglican ibẹ̀, náà lọ, pẹ̀lú ìwé ìhágún láti ọ̀rúndún mélòó kan. Ti 1861 sí 1891 kò tilẹ̀ dúró de iná: ìjọba fúnra rẹ̀ ló ti pa wọ́n run ṣáájú, ti 1881 àti 1891 sì di èérún pépà nígbà ogun àgbáyé kìn-ín-ní. Ó máa ń dùn mí dé egungun bí mo bá rántí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú ti ìjọba kò sí nínú ilé yẹn. Ìwé ìsàmì àwọn Kátólíìkì wà lọ́wọ́ àwọn fadá ní párìṣì wọn, iná kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìwé ìkànìyàn 1901 àti 1911 wà ní kíkún. Láti 2022, wọ́n ti ń kó ẹ̀dà àwọn ohun tó jóná jọ láti ilé ìpamọ́ mìíràn káàkiri ayé sórí ìkànnì kan tó ń jẹ́ Virtual Record Treasury of Ireland.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í rántí. Oṣù Kìn-ín-ní 1909 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ti pé 70 ọdún lówó àgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé ẹ̀rí ìbí, torí kò tíì sí irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bí wọn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé kí akọ̀wé wá orúkọ wọn nínú ìkànìyàn 1841 tàbí 1851. Ìwé ìwákiri yìí kù lẹ́yìn iná: ó ní orúkọ arúgbó náà, orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀, àti townland tó gbé ní kékeré. National Archives ní Dublin ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí bàbá Bridget tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bá pẹ́ láyé, ẹ lè bá a níbẹ̀.

Owó àgbà yìí náà ló mú kí ọjọ́ orí yí padà. Ẹ ó rí ẹni tó jẹ́ ọdún 56 ní 1901 tó di 71 ní 1911. Ẹ má torí ìyẹn sọ pé kì í ṣe ẹnì kan náà.

Ọ̀rọ̀ kan sí i lórí ọdún tí ìyá náà kúrò nílé. Ìyàn Ńlá ti 1845 sí 1852 ló ṣe ilẹ̀ yẹn bó ṣe rí: ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 8 tí wọ́n kà ní 1841 di nǹkan bí mílíọ̀nù 6 àti ààbọ̀ ní 1851. Bí mílíọ̀nù kan ṣe kú, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ju mílíọ̀nù kan lọ ré òkun kọjá. Àwọn ìdílé Irish ní Amẹ́ríkà sábà máa ń sọ pé ìyàn náà ló lé baba àwọn wá. Ti Bridget yàtọ̀. Ọ̀dùnkún tún kùnà ní ìwọ̀ oòrùn ní 1879, owó ilẹ̀ sì há àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn. Mayo gan-an ni ìjà Land League, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn àgbẹ̀ lórí ilẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ètò Tuke, tí ọkùnrin aláàánú Gẹ̀ẹ́sì kan dá sílẹ̀, san owó ọkọ̀ fún àwọn ìdílé tálákà. Ní 1883 àti 1884, ọkọ̀ kó ènìyàn tó lé ní 3,000 láti Blacksod Bay ní Mayo lọ sí Boston àti Quebec. Bí ìdílé Bridget bá wá lódindi, bàbá, ìyá àti ọmọ, ẹ wo ibẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Liverpool

Ẹ ṣeun bàbá wa, ẹ̀mí yín á gùn. Èmi ti wá ìdílé ọkọ tèmi dé Roscommon, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ka ìwé wọn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọnù.

Ìwé ìjọba: láti 1 oṣù Kìn-ín-ní 1864 ni wọ́n ti ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú gbogbo ènìyàn sílẹ̀. Ìgbéyàwó àwọn tí kì í ṣe Kátólíìkì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1845. Ojú ewé gan-an wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí irishgenealogy.ie, bí ìbí bá ti ju 100 ọdún lọ, tí ìgbéyàwó ju 75, tí ikú ju 50. Ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó débẹ̀.

Ìwé ìsàmì Kátólíìkì wà lórí ìkànnì National Library of Ireland, registers.nli.ie, títí di nǹkan bí 1880, lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú. Àwòrán ni, kò sí àpótí tí ẹ ó tẹ orúkọ sí. Ẹ ó mú párìṣì, ẹ ó mú ọdún, ẹ ó máa kà á lójú ewé lójú ewé. Àwọn ìkànnì Findmypast àti Ancestry ti ṣe atọ́ka fún púpọ̀ nínú rẹ̀. RootsIreland náà ní tirẹ̀, owó ni, àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìtàn káùńtì ló kọ ọ́, wọ́n sì mọ orúkọ àdúgbò wọn ju ẹni tó jókòó sókèèrè lọ. Ní ìwọ̀ oòrùn, ìwé párìṣì kì í bẹ̀rẹ̀ lásìkò bíi ti Dublin. Párìṣì kan lè má ní nǹkan kan kó tó di 1840 tàbí 1850.

Èdè Látìn ni fadá sábà máa ń lò. Bridget á di Brigida, James á di Jacobus, William á di Gulielmus, Honora tí wọ́n ń pè ní Nora nílé á di Honoria. Nígbà tí Bridget bá dé Amẹ́ríkà, ó lè di Delia, Bedelia, Bessie tàbí Bertha. Ẹ wá gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni O' tó wà níwájú orúkọ ìdílé: ọ̀pọ̀ ti yọ ọ́ kúrò láyé àtijọ́, àwọn ọmọ wọn tún fi í padà nígbà tó yá. Ẹ wá orúkọ náà pẹ̀lú O' àti láìsí O'.

Ọjọ́ ìbí. Bí ẹ bá rí ọmọ tí wọ́n ṣe ìsàmì fún ní oṣù Kẹta, tí ìwé ìjọba sọ pé oṣù Kẹrin ni wọ́n bí i, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Owó ìtanràn wà fún ẹni tó bá pẹ́ kó tó forúkọ ọmọ sílẹ̀, nítorí náà bàbá á sún ọjọ́ síwájú. Ìwé ìsàmì ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹ wo orúkọ bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì dáadáa, ẹbí ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń fi orúkọ bàbá bàbá sọ àkọ́bí ọkùnrin, wọ́n a fi ti bàbá ìyá sọ èkejì. Àkọ́bí obìnrin a jẹ́ orúkọ ìyá ìyá, èkejì a jẹ́ ti ìyá bàbá. Àwa tí a ń sọ Babátúndé àti Yétúndé kò ní ṣòro fún láti lóye. Kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n bí àkọ́bí Bridget lọ́kùnrin bá jẹ́ Michael, tí èkejì jẹ́ Anthony, ẹ fura pé Anthony lè jẹ́ bàbá tirẹ̀. Ní Mayo, Anthony kò pọ̀ tó John tàbí Patrick, yóò sì dín àwọn Bridget yín kù.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Birmingham

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ya díẹ̀. Ọmọ Jàmáíkà ni ọkọ mi, orúkọ ìdílé rẹ̀ sì jẹ́ ti Irish pátápátá. Ṣé ọ̀nà kan náà la ó gbà?

Bàbá_Akọ́wé

Ọmọ mi, ó yàtọ̀ o, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Àwọn Irish dé erékùṣù Jàmáíkà àti Montserrat láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Àwọn kan jẹ́ ìwọ̀fà aláìlówó, wọ́n sì kó àwọn mìíràn lọ nípá nígbà tí Cromwell ará Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ireland. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn wá di olóko, wọ́n sì ní ẹrú. Ní Montserrat, àwọn ẹrú gbìmọ̀ láti dìde lọ́jọ́ àjọ̀dún Patrick Mímọ́ ní 1768, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn ọ̀gá wọn yóò wà nídìí ọtí. Orúkọ Irish lè jẹ́ ti baba tó bíni. Ó sì lè jẹ́ ti ẹni tó ra ìyá ìyá ẹni. Ẹ má fò lọ sí Ireland.

Jàmáíkà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ìwé ìbí ìjọba wà láti 1878, ìwé ìjọ Anglican wà ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn ẹrú, láti 1817 títí di ìgbà ìdásílẹ̀, níbi tí àwọn olóko ti kọ orúkọ àwọn tí wọ́n ní. University College London ní ìkànnì kan tó to orúkọ àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì san owó gbà-má-bínú fún nígbà tí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀. Àwọn olówó ẹrú ni wọ́n san án fún o, kì í ṣe àwọn tí wọ́n fi ṣẹrú. Orúkọ ìdílé ọkọ yín lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ oko náà.

Ìyàwó_Cleveland

Ẹ̀yin ará, mo dé pẹ̀lú ìròyìn! Ìwé ìgbéyàwó Bridget wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, fadá kọ ọ́ pé Mayo ni ṣá. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ló ṣe ẹlẹ́rìí, a sì rí sàréè ọkùnrin náà. Òkúta orí rẹ̀ sọ pé ọmọ párìṣì Kilmeena, káùńtì Mayo, ni. Ìwé ẹ̀rí ikú òun àti ti Bridget sì ní orúkọ bàbá kan náà àti orúkọ ìyá kan náà, Anthony àti Mary. Bàbá ọkọ mi ń pe Kilmeena láti àárọ̀. Kí ló kàn?

Àkànní_Dublin

Ẹ kú oríire! Ẹ wo bí ẹ̀gbọ́n ṣe mú àbúrò délé.

Kilmeena wà nítòsí Westport, Westport náà sì ni àgbègbè tí ẹ ó yàn fún ìwé ìjọba. Ẹ wá gbogbo ọmọ tí Anthony àti Mary bí láti 1864 síwájú, kì í ṣe Bridget nìkan. Orúkọ townland á wà lára ìwé ìbí kọ̀ọ̀kan. Bí townland kan náà bá ń jáde léraléra, ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìkànnì logainm.ie á fi ibi tó wà lórí máàpù hàn yín, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ ní èdè Irish.

Ẹ wá lọ sí Griffith's Valuation, ìwé ìdíyelé ilẹ̀ àtijọ́, lórí askaboutireland.ie. Láàárín 1847 sí 1864 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, láti mọ iye owó orí tí ẹni tó ń lo ilẹ̀ yóò san. Olórí ilé nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ìyàwó, kò sí ọmọ. Àmọ́ orúkọ onílẹ̀ wà, ìwọ̀n ilẹ̀ wà, nọ́ńbà kan sì wà tó bá máàpù mu, débi tí ẹ ó fi mọ pápá tí bàbá Anthony ń ro.

Lẹ́yìn náà, ìkànìyàn 1901 àti 1911, lọ́fẹ̀ẹ́ ní National Archives. Ẹ má wo ojú ewé tí orúkọ wà nìkan, ẹ ṣí fọ́ọ̀mù tó tẹ̀ lé e. Ó sọ irú ògiri ilé, bóyá koríko ni wọ́n fi bo òrùlé, iye fèrèsé tó wà níwájú, àti iye ilé ẹran. Ti 1911 tún béèrè lọ́wọ́ obìnrin ilé ọkọ iye ọmọ tó bí láàyè àti iye tó ṣẹ́kù. Bí Mary bá sọ pé mẹ́sàn-án lòun bí, tí ẹ kò rí ju méje lọ, ẹ mọ̀ pé ó ku méjì tí ẹ ó wá.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ń gbé ilẹ̀ náà báyìí, ìwé àtúnṣe Valuation wà lábẹ́ Tailte Éireann, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ní Dublin. Nígbàkúùgbà tí ilẹ̀ bá bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, akọ̀wé á fa ìlà pa orúkọ àtijọ́, á fi yíǹkì aláwọ̀ mìíràn kọ tuntun pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Ẹ ó rí bí ilẹ̀ ṣe kúrò lọ́wọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ opó, láti ọwọ́ opó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Nígbà míì, ibi tó parí sí ni ọ̀dọ̀ ìbátan tó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Mọ́remí_Boston

Nípa DNA, ẹ jẹ́ kí bàbá fúnra wọn ṣe é bí wọ́n bá gbà, kì í ṣe ọkọ yín. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ló ti ọ̀dọ̀ Bridget wá, ti ọkọ yín kò ju ìdajì ìyẹn lọ. Ẹ má wo ìpín orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń fi àwọ̀ kùn. Ẹ wo àwọn tó bá wọn tan, kí ẹ wá èyí tí ìdílé rẹ̀ ní Kilmeena tàbí Westport.

Adéọlá_London

Ẹ̀yin àgbà, ṣé ìwé yìí lè wúlò fún ìwé ìrìnnà? Ìyá ọkọ mi ni wọ́n bí ní Cork. London ni wọ́n ti bí ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa.

Àkànní_Dublin

Ó wúlò gan-an. Ọkọ yín ti jẹ́ ọmọ Ireland láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, torí pé wọ́n bí ìyá rẹ̀ síbí. Ó kàn máa béèrè fún ìwé ìrìnnà ni. Àwọn ọmọ yín yóò kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ nínú Foreign Births Register, ìwé orúkọ àwọn ọmọ Ireland tí wọ́n bí sókè òkun, nípasẹ̀ ìyá àgbà wọn. Ẹ ó nílò ìwé ìbí ìyá àgbà, ìwé ìgbéyàwó rẹ̀, ìwé ìbí ọkọ yín àti ti àwọn ọmọ, ojúlówó gbogbo rẹ̀, èyí tí orúkọ òbí wà nínú rẹ̀. Bí orúkọ bá yàtọ̀ láti ìwé kan sí òmíràn, ẹ tètè wá ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀.

Ìyàwó Cleveland, ẹ gbọ́ èyí náà. Ìyá tó bí ìyá bàbá ni Bridget, nítorí náà bàbá fúnra wọn lè forúkọ sílẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n di ọmọ Ireland, kì í yí padà sẹ́yìn, kò sì ní ran ọkọ yín tí wọ́n ti bí ṣáájú rẹ̀.

Ìyàwó_Cleveland

Bàbá ní àwọn yóò ṣe é, kódà kó jẹ́ àwọn nìkan. A tún ti rí mẹ́fà nínú àwọn ọmọ Anthony àti Mary, townland kan náà ni márùn-ún nínú wọn. Mo fẹ́ kọ̀wé sí fadá párìṣì náà.

Ìyá_Ìbejì_Liverpool

Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú. Ẹ fi orúkọ òbí méjèèjì, ọdún tí ẹ rò àti townland sí ìlà àkọ́kọ́, kí ẹ sì béèrè ohun kan ṣoṣo. Ẹ béèrè bóyá ẹnì kan wà nínú ìjọ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ní townland yẹn, kí fadá bá yín fún un ní lẹ́tà mìíràn tí ẹ kọ pamọ́ sínú. Ẹ fi ọrẹ díẹ̀ sí i fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ fadá láti Nàìjíríà ló ń sìn ní Ireland báyìí, ó lè jẹ́ ọmọ ilé ni yóò ṣí i. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ ojú ewé ìwé ìsàmì àwọn àbúrò Bridget. Láti 1908, bí ọmọ párìṣì bá ṣègbéyàwó níbikíbi, wọ́n máa ń kọ ọ́ padà síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìlú rẹ̀, títí kan Cleveland.